Àga Tí Kò Gbọ́ Ìwẹ̀

Àga náà wu ojú, imú nìkan ló kọ̀ ọ́. Awakọ̀ ẹrù kan ló rà á lọ́wọ́ ẹni tó ń kó kúrò ládùúgbò, torí ẹ̀yìn ń dùn ún, àga onígi tó wà nílé ò sì ràn án lọ́wọ́. Àga tìmùtìmù ẹlẹ́nìkan ni, èèyàn á jókòó sínú ẹ̀, á rì. Àmọ́ ẹni tó ni ín tẹ́lẹ̀ ti mu sìgá lórí ẹ̀ títí. Ẹnu ọ̀nà ni ìyàwó awakọ̀ ti gbóòórùn ẹ̀. Ó ní tí òórùn yìí ò bá kúrò kí Sátidé tó pé, àga á bá pàǹtí lọ.

Màmá awakọ̀, tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn, nìkan ni kò ráhùn. Ó ní ọ̀fìnkìn ọjọ́sí ti pa imú òun. Ó jókòó sínú àga náà láti dán an wò, ó pẹ́ kó tó dìde, ó wá padà sórí àpótí ẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe Imú-Ajá, ọkùnrin tó ń tún àga ṣe ládùúgbò. Ó bó aṣọ àga, ó fọ̀ ọ́, ó fi fínígà nu igi ẹ̀, ó kó èédú sábẹ́ ẹ̀, ó ní kí wọ́n sá a sóòrùn. Tọkọtaya ń lọ síbi iṣẹ́, màmá ló yọ̀ǹda láti ṣọ́ ọ. Nígbà tó máa di ìrọ̀lẹ́, òórùn sìgá ti lọ. Awakọ̀ jókòó, ẹ̀yìn ẹ̀ tù ú, ó ń rẹ́rìn-ín lójú oorun.

Nígbà tí wọ́n fi máa ti ibi iṣẹ́ dé lọ́jọ́ kejì, òórùn mìíràn ti gba ilé kan.

Imú-Ajá padà wá. Màmá ní kó dúró lẹ́nu ọ̀nà ná, kí òun gbọn eruku orí àga nù fún un. Nígbà tó wọlé, ó bẹ̀rẹ̀, ó fa imú, ó sì ta sẹ́yìn.

"Èyí kì í ṣe ohun tí mo fọ̀ o," ó ní. "Èyí ń rùn bí omi tó dúró sójú kan."

Ológbò ilé jókòó sẹ́bàá àga, ó ń lá ẹnu. Imú-Ajá ní ẹjọ́ ti parí, ológbò ló tọ̀ sí i. Ìyàwó ti ń bínú sí ológbò tẹ́lẹ̀, torí orí ẹja tó ń tọ́jú sí ìdáná kì í ṣẹ́kù mọ́. Ó fi ìgbálẹ̀ lé e. Ológbò sá wọ abẹ́ ìró màmá, kò jáde.

Imú-Ajá tún àga fọ̀. Ó pààrọ̀ fóòmù. Màmá tún ṣọ́ ọ. Òórùn á lọ nírọ̀lẹ́, á padà lọ́sàn-án ọjọ́ kejì. Àwọn oníbàárà ti ń pe ọkùnrin náà ní Imú-Òkúta.

Sátidé pé. Imú-Ajá tún wá, màmá tún gbọn eruku. Ìyàwó gbé ọbẹ̀ kaná, ó wá dojú ìjà kọ ọkọ ẹ̀. Ọ̀rọ̀ ń gbóná lọ́wọ́ nígbà tí màmá pè é láti orí àpótí, ó ní ọbẹ̀ ń jóná. Ìyàwó sáré lọ, ó bá ìsàlẹ̀ ìkòkò tó ti ń dúdú, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ màmá, ó sì padà sẹ́nu ìjà.

Imú-Ajá ní òun gbà fún àga náà, kí wọ́n gbé e lọ sí ààtàn. Omi lé ròrò sójú awakọ̀, ẹ̀yìn ẹ̀ ló ń rò.

"Ẹ má da nǹkan gidi nù," màmá ní. "Ẹ gbé e sí yàrá mi, lẹ́bàá fèrèsé. Èmi tí imú mi ti kú, kí ló kàn mí?"

Ìyàwó kúnlẹ̀, ó ní àwọn ò lè fìyà jẹ màmá báyẹn. Màmá ní ìyà ò ṣàjèjì sí abiyamọ. Awakọ̀ dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ.

"Ohun tí àgbà rí ní ìjókòó," ó ní, "ọmọdé ò lè rí i lórí ìdúró."

Òun àti Imú-Ajá fi aṣọ di imú, wọ́n gbé àga wọlé fún màmá. Wọ́n gbé tẹlifíṣọ̀n tẹ̀lé e, kó má bàa dá nìkan wà pẹ̀lú òórùn.

Nígbà tí wọ́n jáde tán, màmá rọra ti ilẹ̀kùn, ó tú etí ìró ẹ̀, ó yọ orí ẹja tó kẹ́yìn kúrò nínú ọ̀rá, ó jù ú sí ológbò, ó ní kó lọ jẹ ẹ́ níta kó má ba àga òun jẹ́, ó wá rì sínú tìmùtìmù, ó fa imú sí ọbẹ̀ tó ń ta sánsán láti ìdáná, ó ní ata ẹ̀ ò tíì tó.