Ewéko Àpáta Òṣíẹ̀lẹ̀

Olùkọ́bìnrin náà ṣí ìwé àwọn onímọ̀ ewéko tó ti òkè òkun dé, àyà rẹ̀ sì já. Ewéko pẹlẹbẹ tó rí lára àpáta Òṣíẹ̀lẹ̀ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú àwòrán tó fọwọ́ ara rẹ̀ yà. Ọ̀gá rẹ̀, Ọ̀jọ̀gbọ́n Fárọ̀mbí, ni wọ́n ní ó ṣàwárí rẹ̀.

Lọ́dún 1981, ọ̀gá yìí kan náà ló wí fún un pé, "Eléyìí kì í ṣe tuntun. Dà á nù."

Ó gba ọ́fíìsì ọ̀gá lọ tààrà. "Sà, iṣẹ́ mi lẹ jí!"

"Ṣé o kà á tán? Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ níbẹ̀."

Ó ṣí ojú ìwé tó kẹ́yìn. Ọ̀jọ̀gbọ́n kọ ọ́ pé: "Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ obìnrin tó bá mi ru ẹrù."