Ìgbàlódé Gba Oúnjẹ Lẹ́nu Ẹ̀rọ Ìyá Rẹ̀

Ẹ má kà á dé ìdajì kí ẹ gbé fóònù sílẹ̀ o. Ẹ ka ìtàn yìí dé òpin, àgàgà ẹ̀yin tí ẹ ń palẹ̀ ẹrù àtijọ́ mọ́ lọ́wọ́.

1.
Ọkùnrin kan wà tí àwọn ará àdúgbò ń pè ní Ìgbàlódé. Ohun tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni tirẹ̀. Nígbà tí ojú ìyá rẹ̀ kò gbé iṣẹ́ mọ́, ó fa ṣọ́ọ̀bù lé e lọ́wọ́. Ẹ̀rọ mónógíráàmù kan ló wà níbẹ̀, èyí tó ń fi òwú kọ àmì sára aṣọ. Ẹ̀rọ yìí ló tọ́ Ìgbàlódé dàgbà, òun náà ló ṣì ń bọ́ ìyá.

Inú dísìkì ni ẹ̀rọ náà ti ń ka iṣẹ́ rẹ̀, àwọn àwo dúdú pẹlẹbẹ onígun mẹ́rin tí àwọn ọmọ òde òní kò mọ̀. Bí ìyá bá ti ki ọ̀kan bọ̀ ọ́ lẹ́nu, á ní, "Mo ti fún un lóúnjẹ."

2.
Lọ́jọ́ kan, oníbàárà kan rí dísìkì lọ́wọ́ Ìgbàlódé, ló bá bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀ọ̀dá, ẹ ṣì ń lo èyí? Ẹ̀yin tí wọ́n ń pè ní Ìgbàlódé?"

Ọ̀rọ̀ náà dùn ún wọ egungun. Ó da gbogbo iṣẹ́ inú dísìkì sínú fóònù, ó dà á sínú fíláàṣì. Ó wá di àwọn dísìkì àti kọ̀ǹpútà àtijọ́ tó ń kà wọ́n sínú àpò, ó gbé e síta de ọkọ̀ akólẹ̀. Ìyá rẹ̀ bá a lẹ́nu ọ̀nà.

"Ọmọ mi, ṣé ẹ̀rọ ti tọ́ oúnjẹ tuntun yẹn wò?"

"Mọ́mì, mo ti rí ibi tí fíláàṣì máa wọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

"Rírí kọ́ ni mo bi ọ́."

"Ẹ fọkàn balẹ̀. Ayé ti kúrò níbi tẹ́ ẹ mọ̀ ọ́n sí."

Ìyá wo àpò náà, ó pa dà sínú ilé. Ọkọ̀ dé, ó gbé àpò lọ.

3.
Ọ̀gá ilé-ìwé kan tó ti jẹ́ oníbàárà ìyá tipẹ́ kó aṣọ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ rẹ̀ wá kí wọ́n rán àmì sí i. Wọ́n máa wọlé lọ́jọ́ Ajé. Ìgbàlódé ti fíláàṣì bọ ihò ẹ̀gbẹ́ ẹ̀rọ. Kò wọ̀. Ó yí i pa dà, kò tún wọ̀. Ó pe ẹni tó ń tún ẹ̀rọ ṣe.

"Ọ̀gá, ibi tí atẹ́gùn ń gbà wọlé nìyí. Ẹ̀rọ yìí ò ní ẹnu míì ju ti dísìkì lọ."

"Ṣé kò sóhun tá a lè fi rọ́pò ẹnu rẹ̀ ni?"

"Ó wà, ṣùgbọ́n a máa ránṣẹ́ sí i ni, kì í sì í tètè dé. Ẹ mú dísìkì yín wá, ká fi ṣiṣẹ́ ná."

Ìgbàlódé rántí ọkọ̀ akólẹ̀. Ó ṣí fóònù. Àmì ilé-ìwé wà níbẹ̀ kedere. Ó ń rí i, kò lè rán an. Ó wá dísìkì kiri títí tí àwọn tó ń ta kọ̀ǹpútà fi ń bi í bóyá ayé àwọn baba ńlá ló ti ń bọ̀.

4.
Ọ̀gá ilé-ìwé kó aṣọ rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù mìíràn. Kò bínú. Ó kàn ní, "Bá mi kí mọ́mì." Àwọn oníbàárà tó kù tẹ̀lé e lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tí ẹnu tuntun tó ń gba fíláàṣì dé, ẹ̀rọ jẹun dáadáa, ṣùgbọ́n kò sí aṣọ tí yóò rán.

Ìyá wọlé, ó jókòó sídìí ẹ̀rọ, ó fọwọ́ pa á lórí.

"Mọ́mì, ẹ má bínú. Mo gba oúnjẹ lẹ́nu ẹ̀rọ yín."

"Ẹ̀rọ kì í jẹun, ọmọ mi," ni ìyá wí. "Èmi ni mò ń jẹun."

Ẹ̀yin tí ẹ ń kà á, ohun tuntun dára. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rí ẹni tó ṣì ń lo sídì, kásẹ́ẹ̀tì tàbí dísìkì, ẹ bi í léèrè ohun tó ń fi ṣe kí ẹ tó rẹ́rìn-ín. Ẹ má sì da ti àtijọ́ nù títí ti tuntun yóò fi ṣiṣẹ́ lójú yín. A kì í tìtorí òjò tó ṣú da omi inú agbada nù.