Ìdáhùn Wẹ́dà Kò Bára Mu

Inú ti ń bí wẹ́dà kí nọ́ọ̀sì tó jókòó.

Láti ọjọ́ tí irin tó ń jó pọ̀ ti já lu èjìká ẹ̀, tó ba iṣan apá ọ̀tún ẹ̀ jẹ́, ìbéèrè ni wọ́n ń fi yọ ọ́ lẹ́nu nílé ìwòsàn.

"Ṣé ìbéèrè inú ìwé yìí kọ́ ni mo dáhùn lọ́sẹ̀ méjì sẹ́yìn?"

"Òun ni, bàbá. À ń wò ó bóyá ìwé náà ṣeé gbára lé ni. Apá yín ò yí padà, kò yẹ kí ìdáhùn yín yí."

Nígbà tó dáhùn tán, nọ́ọ̀sì to ìwé méjèèjì síra.

"Ṣé ẹ lè de bọ́tìnnì ẹ̀wù? Ìjọsí, ẹ ní kò nira rárá. Lónìí, ẹ ní kò ṣeé ṣe. Èwo ni irọ́ níbẹ̀?"

Ọmọ tí kò ju àbígbẹ̀yìn ẹ̀ lọ ń pè é ní òpùrọ́!

"Ẹ má bú mi o!"

"Bàbá, ìwé àkọ́kọ́ ni dókítà wò tó fi ní ẹ ò nílò iṣẹ́ abẹ. Kí ló yí padà nílé?"

Wẹ́dà wolẹ̀.

"Ìyàwó mi ló ń bá mi de bọ́tìnnì nígbà yẹn. Ó wá ní ọwọ́ mi ti kú. Mo ní irọ́ ni. Ó ní ó dáa, kí n máa dá wọṣọ. Ọjọ́ kẹsàn-án rèé."

Nọ́ọ̀sì gbé bírò sílẹ̀.

"Màmá dà?"

"Ó wà níta. Òun ló sìn mí wá."

Ó fi ọwọ́ òsì fa ẹ̀wù tó ṣí sílẹ̀ mọ́ àyà.

"Ẹ̀yin ni kẹ́ ẹ pè é o. Èmi ò bá a sọ̀rọ̀."