Oko Yii Ti Su Mi

Ara Ẹnjiníà ò balẹ̀. Ó wọ jíìpù olówó ńlá kan tó fẹ́ rà, ó sọ̀ kalẹ̀, ó tún wọ̀ ọ́.

"Ọ̀gá, ayọ́kẹ́lẹ́ yín ṣì ń dán," ni mẹkáníìkì rẹ̀ wí. "Jíìpù yìí á máa mu epo bí ọ̀mùtí o!"

Ẹnjiníà tún ka àtẹ̀jíṣẹ́ tí ìyàwó rẹ̀ ṣèèṣì fi ránṣẹ́ sí i dípò ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin:

"Anti mi, oko yii ti su mi. Mo fe paaro e."

Àbájọ tí kì í fẹ́ bá òun jókòó nínú ayọ́kẹ́lẹ́ mọ́!

Ó gbé jíìpù wálé, ó fi kọ́kọ́rọ́ lé ìyàwó rẹ̀ lọ́wọ́.

"Mo rí ohun tó o kọ sí ẹ̀gbọ́n ẹ. Mo ti pààrọ̀ ẹ̀!"

Ìyàwó wo jíìpù. Ó wo Ẹnjiníà. Omijé lé ròrò sójú rẹ̀.

"Bàbá Ìbejì, mi ò fi àmì sí i ni. Kì í ṣe ọkọ̀ ni mo kọ.

"Ọkọ ni."