Orúkọ Tí Bámikẹ́ Dá Padà Sínú Orin

Oṣù mẹ́ta rèé tí Bámikẹ́ ti ń kọ́ orin kan ṣoṣo lórí gìtá n'Íbà.

Okùn gìtá ti gé e níka. Sùúrù tí wọ́n fi ń fún wàrà kìnnìún ló fi ń kọ́ ọ.

Orin ìfẹ́ àtijọ́ ni. Olùkọ́ rẹ̀, Búrọ̀dá Ìgè, ló sọ ọ́ di orin ìyìn. Ibi tí wọ́n ti ń pe olólùfẹ́, Jésù ló fi síbẹ̀.

"Ọmọ mi, o ti mọ̀ ọ́n. Ìwọ lo máa ta á lọ́jọ́ tí wọ́n bá fòróró yàn mí."

"Mo ti gbọ́, sà."

Ọjọ́ pé. Ṣọ́ọ̀ṣì kún fọ́fọ́ l'Ókokomáíkò. Ìgè kúnlẹ̀ nínú sùtánà funfun, ìyàwó olórùka rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín níwájú.

Bámikẹ́ ta gìtá, ó kọrin. Nígbà tó dé ibi tí Jésù wà, "Bọ́sẹ̀" ló pè.

Ìgè gbójú sókè wìì. "Ta ló sọ orúkọ yẹn fún ẹ?"

Bámikẹ́ fẹnu sún mọ́ máìkì.

"Bọ́sẹ̀ tí ẹ̀ ń kọ ọ́ fún ní Navy Town ni, tí ẹ sá fi sílẹ̀ tòun toyún.

"Èmi ni oyún ọ̀hún. Ẹ kú oríire, bàbá mi."