Bíréèkì Àlájì

Mekáníìkì kan yọ jáde lábẹ́ Láńdírófà tó ń tún ṣe lẹ́yìnkùlé rẹ̀ ní Ọ̀fà. Àlájì tó gba Àṣàkẹ́, ìyàwó mekáníìkì náà, lọ́wọ́ rẹ̀ lọ́dún tó kọjá ló ni ọkọ̀ náà.

"Ṣé bíréèkì ti ń mú?" Àlájì bi í.

"Ó ń mú dáadáa. Ẹ gbé Àṣàkẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, kí ẹ sáré dé Òjòkú, ẹ ó rí i."

Ó rẹ́rìn-ín. Àlájì wo ẹ̀rín náà, ó wo ọkọ̀, kò gba kọ́kọ́rọ́.

"Rà á lọ́wọ́ mi," Àlájì wí. "Iyekíye tó o bá ní."

Lọ́jọ́ kejì, mekáníìkì náà fi eré burúkú wa ọkọ̀ tó ti di tirẹ̀ wọ ojúde Àlájì. Ó tẹ bíréèkì lẹ́ẹ̀kan péré. Ọkọ̀ dúró digbí lẹ́nu ilẹ̀kùn, Àlájì sì ń wò ó láti ojú fèrèsé.