Ìlà Tó Tọ́ Lóko Elwood Pusey

Nígbà tí wọ́n kórè àgbàdo tán, Elwood Pusey pín oko ẹ̀yìn ilé sí méjì, ó sì fa ìdajì kan lé Ruthann ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́. Ruthann ti fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní Baltimore, ó ní oko lòun fẹ́ máa ṣe. Rai ló fẹ́ gbìn, ọkà tó jọ àlìkámà. Kì í ṣe pé ó fẹ́ kórè rẹ̀. Ó fẹ́ kó fa ajílẹ̀ tí àgbàdo jẹ kù mọ́ra, kí òjò ìgbà òtútù má baà wọ́ ọ lọ sínú odò. Bí òtútù bá lọ, wọn á pa rai náà, á jẹrà síbẹ̀, á sì dá ohun tó fà padà fún àgbàdo tuntun.

"Ogójì ọdún ni mo ti ń fi ilẹ̀ yìí sílẹ̀ nígbà òtútù," Elwood wí. "Ó ń sinmi."

"Kò sinmi, Dádì, ó ń jò ni, ajílẹ̀ yín sì ń ba odò jẹ́. Akàn mélòó lẹ rí pa nínú odò lọ́dún yìí?"

Elwood fẹ́ràn akàn.

Wọ́n ṣe àdéhùn. Tó bá di oṣù kẹta, wọn á ti bébà àyẹ̀wò bọ omi kòtò tó ń ṣàn jáde láti ìdajì kọ̀ọ̀kan. Ibi tí ajílẹ̀ bá ti ń jò, bébà á pọ́n. Bí ti Ruthann bá funfun, gbogbo oko di tirẹ̀. Bí ó bá pọ́n, á padà sí Baltimore.

Lọ́jọ́ Sátidé, Ruthann da irúgbìn kún àpótí ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn, ó dé e, ó so ó mọ́ katakata, ó sì wà á láti àárọ̀ dọ̀sán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ń ṣègbéyàwó ní Salisbury ní aago méjì. Ó fò bọ́ sílẹ̀.

"Dádì, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé ẹ̀rọ wọlé."

"Ṣé o ti gbìn ín tán?"

"Pátápátá! Kò tiẹ̀ fún mi ní wàhálà kankan."

Nígbà tó ti ibi ìgbéyàwó dé nírọ̀lẹ́, Elwood wò ó, ó sì rẹ́rìn-ín títí ó fi bọ́ awò ojú rẹ̀ nu.

"Kí ló pa yín lẹ́rìn-ín?"

"Ẹrẹ̀ wà létí ẹ. Bó o ṣe lọ síbi ìgbéyàwó nìyẹn?"

Lọ́jọ́ kejì, Elwood ní ẹ̀yìn ń dun òun, kò lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì. Nígbà tí Ruthann padà dé, ó bá a lórí àga gbọọrọ, bàtà rẹ̀ ń gbẹ lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ̀yìn ọ̀hún ńkọ́?"

"Ó burú ju ti àárọ̀ lọ."

Kò pé ọjọ́ mẹ́wàá tí rai yọ. Ìlà rẹ̀ tọ́ bí okùn tí wọ́n nà. Ó ya Ruthann fúnra rẹ̀ lẹ́nu, nítorí katakata kì í gbọ́ràn sí i lẹ́nu. Ó pe bàbá rẹ̀ wá wò ó.

"Ìlà yìí dáa," Elwood wí. "Ẹni tó wa katakata yẹn mọṣẹ́."

Kò yìn ín bẹ́ẹ̀ rí. Ọ̀rẹ́ mẹ́ta ni Ruthann pè lórí fóònù lọ́jọ́ náà.

Ṣùgbọ́n ní gbogbo ìgbà òtútù, bàbá ò fi í lọ́rùn sílẹ̀. "Koríko ẹ ńkọ́? Ṣé ká ra ewúrẹ́ ni?"

Ní oṣù kẹta, bébà ti Elwood pọ́n bí ẹnu ọmọ tó lá súìtì. Ti Ruthann funfun báláú.

"Ó dáa," Elwood wí. "O ti borí mi." Ó na kọ́kọ́rọ́ ilé ẹ̀rọ sí i, ojú rẹ̀ le bíi ti ẹni tí wọ́n yọ eyín fún. Ó wá ń súfèé lọ sílé.

Nígbà tí wọ́n tún kórè àgbàdo tán, Ruthann lọ gbé ẹ̀rọ ìfúnrúgbìn tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn láti èṣí, ó ṣí àpótí rẹ̀ láti da rai gbogbo oko sí i, ó sì bá ohun tí bàbá rẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ sínú ìdérí: "Ruthann, fa irin pupa yìí wálẹ̀ kí irúgbìn tó lè jáde, afẹ́fẹ́ lo gbìn láti àárọ̀ dọ̀sán lọ́jọ́sí, mi ò sì ní tún pa ṣọ́ọ̀ṣì jẹ láti bá ẹ tún un gbìn."